Tírígà Mark 4: igi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò

Ọmọ Bẹẹrẹ (Texas): Ẹ káalẹ́ o ẹ̀yin ará Ìbàdàn. Mo ra ìbọn sójà àtijọ́ kan níbí, Mark 4 yẹn, irú táwọn ọlọ́pàá ilé wa máa ń gbé kọ́ èjìká nígbà kan. Gírísì ló bò ó látòkè délẹ̀, mo ti fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́ tán. Tírígà ẹ̀ ló ń dà mí láàmú, lọ́sẹ̀ tó kọjá ó le, lónìí ó kàn ń rọ̀ jọ̀bọ̀. Ṣé kí n fi fáìlì ha á díẹ̀ ni?

Bàbá Ìbejì (Ohio): Fáìlì kẹ̀! Àbúrò, gbé e sílẹ̀ jàre. Èmi ha tèmi nígbà yẹn, mo tò ó padà, mo kọ́kì ẹ̀ bí ẹni fẹ́ yìn ín, mo wá gbá ìdí ẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀ báyìí, káà, ó já fúnra ẹ̀. Orí ló yọ mí pé kò sọ́ta nínú ẹ̀. Tírígà yẹn, ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ń fà á, wo orí ẹ̀, wàá rí i pé ó yọ gọngọ níbi méjì. Ti àkọ́kọ́, agbára tí wàá fi fà á bíi pọ́n-ùn 3 sí 4, wàá wá bá ibi tó ti dúró, kó tó já ó tó pọ́n-ùn 5 sí 6 àtààbọ̀. Bí wọ́n ṣe fẹ́ ẹ nìyẹn, kì í ṣe àìsàn. Ara irin tó yí tírígà ká ni wọ́n so tírígà Mk 1, ìyẹn ẹ̀dà àkọ́kọ́ Mark 4 yìí, mọ́, igi ló sì gbé irin yẹn dúró. Ṣé o rántí ilẹ̀kùn ilé wa n'Ìbàdàn, tó jẹ́ pé lásìkò òjò èjìká la fi ń tì í, tí ọyẹ́ bá dé atẹ́gùn lásán á ṣí i? Igi ìbọn ẹ náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ìyẹn ni wọ́n ṣe wá so ti Mk 2, ẹ̀dà tó tẹ̀ lé e, mọ́ ara ìbọn gan-an lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì. Tú síkúrúù iwájú irin tó yí tírígà ká yẹn, wò ó bóyá búṣì kékeré kan, ìyẹn òrùka irin tí kì í jẹ́ kí síkúrúù fún igi jù, wà nínú ihò igi ẹ̀.

Ìyá Mọ́níyà: Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lọ́hùn-ún lẹ lè ṣèyẹn o, nílé ńbí tí wọ́n bá ká a mọ́ yín lọ́wọ́, ẹjọ́ ni 😂

Ọmọ Bẹẹrẹ (Texas): Ẹ ṣeun bàbá. Mo tú u. Kò sí búṣì kankan níbẹ̀, ẹnì kan ti fún síkúrúù yẹn títí igi fi wọnú.