Ẹgbẹ́ wa fẹ́ yẹ́ àwọn sóṣà wọ́kà wa sí, kí la lè ṣe fún wọn tó máa ju ìrẹsì àti àwọ́ọ̀dù lọ?

Abíkẹ́_Leeds:
Ẹ kú ilé o ẹ̀yin èèyàn mi. Ìbéèrè ni mo gbé wá, ẹ má bínú tó bá gùn díẹ̀. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa níbí ní England ní sóṣà wọ́kà bíi mélòó kan, àwọn kan kà á níbí, àwọn tó kù ti kà á ní Ìbàdàn àti UNILAG kí kánsù, ìjọba ìbílẹ̀ ibí, tó gbà wọ́n síṣẹ́ tí wọ́n fi rí físà. Ṣé ẹ mọ̀ pé Túsìdeè kẹta nínú oṣù kẹta lọ́dọọdún ni wọ́n fi ń ṣe àyájọ́ àwọn sóṣà wọ́kà káàkiri àgbáyé, ni mo bá dábàá ní mítìn pé kí àwa náà yẹ́ tiwa sí. Àwọn nọ́ọ̀sì, a máa ń ṣe fún wọn, ẹni tó bá di káńsẹ́lọ̀ a máa ń dáṣọ fún un, kí ló wá dé? Háà, ẹ wá gbọ́ ariwo! Bàbá kan dìde, wọ́n ní "ṣé àwọn tó ń gba ọmọ ọlọ́mọ la fẹ́ máa pàtẹ́wọ́ fún báyìí?" Àwọn ìyá kan sì ń mi orí. Àǹtí kan tó ń ṣe iṣẹ́ yẹn jókòó síbẹ̀ o, kò fèsì, ó kàn ń yí ìdérí ike omi tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ síwá sẹ́yìn.

Alága ní ká má fa ọ̀rọ̀ gùn, ká ra àwọ́ọ̀dù onígíláàsì ká se ìrẹsì. Èmi ò fẹ́ bẹ́ẹ̀. Nǹkan tó máa wúlò fún wọn lẹ́nu iṣẹ́ gan-an ni mo ń wá. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nídìí ẹ̀, kí lẹ nílò? Kí sì ni kí n sọ fún bàbá yẹn, torí àgbà ni wọ́n, wọ́n sì máa wà ní mítìn tó ń bọ̀.

Ọmọ_Òjé_Salford:
Àǹtí mi, ẹ ṣé gan-an tẹ́ ẹ rántí wa. Iṣẹ́ àwọn ọmọdé ni mò ń ṣe, Nàìjíríà ni mo ti kàwé ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ bàbá. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé sóṣà wọ́kà ò lè dá gba ọmọ ẹnikẹ́ni. Children Act 1989 ni òfin ẹ̀, táwọn òbí ò bá ti gbà, adájọ́ ló máa fọwọ́ sí i. Tó bá jẹ́ pàjáwìrì, ọlọ́pàá nìkan ló lè mú ọmọ kúrò nínú ewu láìkọ́kọ́ lọ kóòtù, ìyẹn náà ò sì gbọdọ̀ ju wákàtí 72 lọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ wa, ọmọ ò kúrò nílé rárá. Àwọn ará wa tí wọ́n kọ ọ́ sára físà wọn pé wọn ò gbọdọ̀ gba owó ìrànwọ́ ìjọba, tí lánlọ́ọ̀dù wá fẹ́ lé jáde tọmọtọmọ, ta ni wọ́n ń sá bá? Abala 17 nínú òfin yẹn kan náà ló jẹ́ kí kánsù lè wá ilé àti oúnjẹ fún wọn nítorí ọmọ. Àwa la máa kọ ìwé ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ń sọ ìyẹn ní mítìn.

Iṣẹ́ ọ̀hún wá le gan-an tó bá jẹ́ ilé Yorùbá ni wọ́n rán mi lọ. Bàbá á ṣílẹ̀kùn, orúnkún mi á ti kanlẹ̀ kí n tó rántí pé bájì wà lọ́rùn mi. Ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i, èmi kan náà á ní "ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí n rí yàrá táwọn ọmọ ń sùn, ẹ jẹ́ kí n wo inú fìríìjì yín." Ẹ rò ó wò, ọmọ tó kúnlẹ̀ kí yín lẹ́ẹ̀kan ló wá ń ṣí fìríìjì yín, tó ń wo déètì tó wà lára mílíìkì! Àwọn kan á ní "ṣebí ọmọ wa ni ẹ́, ìwọ náà mọ bá a ṣe ń tọ́mọ, lọ bá wa kọ nǹkan tó dáa." Àwọn míì á pe mánijà mi pé òyìnbó làwọn fẹ́, torí wọ́n ń bẹ̀rù pé ọ̀rọ̀ ilé wọn á dé ṣọ́ọ̀ṣì kó tó di Sọ́ńdè. Mo bá padà dé ọ́fíìsì, ìdílé dúdú èyíkéyìí tó bá wọlé, èmi ni wọ́n á kọjú sí, "ṣé bí àṣà yín ṣe rí nìyí?" Ará Sòmálíà ni o, ará Kóńgò ni o. Kí lèmi ọmọ Òjé mọ̀ nípa Sòmálíà?

Ohun tí mo ń tọrọ lọ́wọ́ ẹgbẹ́ ò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ má bi wá léèrè ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. "Bá wa yẹ fáìlì ẹ̀ wò" yẹn ti sú mi. Kọ̀ǹpútà ń kọ orúkọ gbogbo ẹni tó bá ṣí fáìlì, tí mo bá ṣí èyí tí kò kàn mí, iṣẹ́ lè lọ nìyẹn, wọ́n lè yọ orúkọ mi nínú rẹ́jísítà, ìwé orúkọ àwọn tí òfin gbà kí wọ́n ṣe iṣẹ́ yìí, físà mi sì rèé, iṣẹ́ yẹn ló gbé e ró. Tí mo bá wá ní mi ò lè ṣe é, wọ́n á ní mo ti di òyìnbó.

Bàbá_Táyé:
Ẹ máa pọ́n wọn lé lọ o. Èmi wọ́n dé ilé mi. Ọmọ mi lọ sọ fún tíṣà pé mo na òun, ọjọ́ kejì obìnrin ará Zimbabwe kan ti wà lẹ́nu ọ̀nà mi, ó bi èmi àti ìyá ẹ̀ ní ìbéèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí ẹni tó jalè, ó tún mú ọmọ wọ yàrá lọ bá a sọ̀rọ̀, wọ́n ní kí n dúró síta. Nínú ilé tí èmi ń sanwó ẹ̀! Lóòótọ́ wọn ò gba ọmọ, obìnrin náà pa fáìlì dé nígbà tó yá, kò sì rí mi fín. Ṣùgbọ́n ẹ má ní kí n pàtẹ́wọ́.

Ọmọ_Òjé_Salford:
Ẹ pẹ̀lẹ́ sà, ó máa ń dun èèyàn, mi ò ní jiyàn. Ṣùgbọ́n ilé ìwé ló kọ̀wé, wọ́n rán obìnrin yẹn ni. Tí tíṣà bá gbọ́ irú ẹ̀ tó dákẹ́, òun náà wọ wàhálà. Lórí ọ̀rọ̀ nína ọmọ, ẹ jẹ́ káwọn tó ń kó lọ sí ìlú míì mọ̀ pé ní Scotland, wọ́n ti fòfin de nína ọmọ pátápátá láti 2020, Wales láti 2022. Ní England níbí òfin ò tíì dè é tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ tó bá ti dọ́gbẹ́ sára ọmọ, kò sí àwíjàre kankan mọ́.

Ẹ̀gbọ́n_Peckham:
Ẹ kú ìjókòó o. Mo ti pẹ́ nídìí iṣẹ́ yìí, láyé ìgbà tí HCPC ń tọ́jú rẹ́jísítà wa títí Social Work England fi gbà á lọ́wọ́ wọn ní December 2019. Bàbá Táyé, mo gbọ́ yín. Ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí tí obìnrin yẹn fi mú ọmọ wọ yàrá.

Àwa tá a ti pẹ́ níbí ò lè gbàgbé Victoria Climbié, ọmọ Ivory Coast tí obìnrin kan tó jẹ́ àǹtí bàbá ẹ̀ mú wá sí London, tí obìnrin náà àti ọkùnrin tó ń bá gbé fi ìyà pa á ní February 2000. Ọmọ ọdún mẹ́jọ. Ó dé ọsíbítù, àwọn sóṣà wọ́kà rí i, ọlọ́pàá gbọ́ sí i. Nígbà tí Lord Laming, ẹni tí ìjọba ní kó wádìí ikú ọmọ náà, gbé ìwádìí ẹ̀ jáde ní 2003, ọ̀kan nínú nǹkan tó hàn ni pé ọmọ yẹn máa ń dúró ṣánṣán gbọn-in níwájú àwọn tó ń jẹ ẹ́ níyà, wọ́n wá rò pé bí ọmọ dúdú ṣe ń bọ̀wọ̀ fágbà nìyẹn. Èmi tí wọ́n fi ìdọ̀bálẹ̀ tọ́ dàgbà, mo mọ ọmọ tó ń dọ̀bálẹ̀ torí ilé kọ́ ọ, mo sì mọ èyí tí ẹ̀rù ń bà débi pé kò lè mí. Ojú ẹ̀ yàtọ̀, èjìká ẹ̀ yàtọ̀. Tí àṣà wa bá wá bo ìkà mọ́lẹ̀, àwa ló yẹ ká kọ́kọ́ rí i. Ìwé ò lè kọ́ èèyàn nìyẹn tán, ohun tí àwọn tó ti òkè òkun wá fi kún iṣẹ́ yìí nìyẹn, òun ni mo sì máa fẹ́ kí ẹgbẹ́ fi yẹ́ wọn sí. Kí wọ́n sọ ọ́ sójú gbogbo èèyàn ní mítìn yẹn kí bàbá náà gbọ́.

Ó wá ku ìrànlọ́wọ́. Àkọ́kọ́ ni ọ̀rọ̀ ìwé. Ní England, tí orúkọ ẹ ò bá sí nínú rẹ́jísítà, òfin ò gbà kó o pe ara ẹ ní sóṣà wọ́kà, ò báà ti ṣe é lógún ọdún l'Abẹ́òkúta. Ẹni tó kàwé lókè òkun, wọ́n á fẹ́ mọ gbogbo kọ́ọ̀sì tó ṣe àti ibi tí wọ́n rán an lọ ṣe iṣẹ́ ìdánrawò. Ibẹ̀ ni wàhálà wà, torí ilé ìwé nílé lè jókòó lé ìwé èèyàn títí. Ẹgbẹ́ yín ò ní ẹ̀ka nílé ni? Ẹ rí ẹnì kan tó máa lọ jókòó sí ọ́fíìsì wọn, tó máa kí wọn láàárọ̀, tó tún máa kí wọn lọ́sàn-án, títí lẹ́tà á fi jáde. Ìyẹn ju àwọ́ọ̀dù lọ.

Mọ́tò náà ńkọ́? Iṣẹ́ ọmọdé fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé ṣe láìwakọ̀, láísẹ́ǹsì Nàìjíríà ò sì ju oṣù 12 lọ níbí, lẹ́yìn ìyẹn wàá lẹ L, àmì ẹni tó ń kọ́ mọ́tò, mọ́ mọ́tò bí ọmọ ọdún 17. Ẹ dá owó lẹ́sìnnì. Ẹni tó bá ti ju ọdún 21 lọ, tó ti ní láísẹ́ǹsì ibí fún ọdún mẹ́ta, lè jókòó tì wọ́n kí wọ́n fi dánra wò, ṣáà rí i pé ìnṣọ́ránsì pé.

Àti pé láti ọjọ́ kìíní September sí ọgbọ̀njọ́ November la máa ń tún orúkọ wa fi sílẹ̀ nínú rẹ́jísítà lọ́dọọdún, a gbọ́dọ̀ kọ ohun méjì tá a kọ́ lọ́dún yẹn sílẹ̀, ọ̀kan nínú ẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tá a bá ẹlòmíì jíròrò. Ẹ yá wọn ní gbọ̀ngàn lóṣù kẹwàá, ẹ bá wọn mójú tó ọmọ, kí wọ́n jókòó ṣe é papọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́_UI:
Ẹ kú àlàyé sà. Sóṣà wọ́kì ni mò ń kà nílé níbí, àwọn ará ilé ṣì ń bi mí bóyá ìrẹsì ni mo fẹ́ máa pín fáwọn ọmọ aláìlóbìí. Látìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti fọwọ́ sí òfin ìgbìmọ̀ àwọn sóṣà wọ́kà ní 2022, ara ti ń yá àwọn lẹ́kíṣọ́rà wa díẹ̀, àmọ́ iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jọ̀ọ́ sà, ejẹ́ǹtì kan ní kí n mú mílíọ̀nù kan wá, òun á bá mi wá kánsù tó máa gbà mí. Ṣé kí n san án?

Ẹ̀gbọ́n_Peckham:
Àbúrò, má sanwó o! Láti 1973 ni òfin ibí ò ti gbà kí àwọn tó ń báni wáṣẹ́ gbowó lọ́wọ́ ẹni tó ń wáṣẹ́. Ṣọ́ra, ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ kẹ́ẹ̀ wọ́kà, àwọn tó ń tọ́jú arúgbó àti aláìlera, ló ń pè ní sóṣà wọ́kà fún ẹ. Àwọn kẹ́ẹ̀ wọ́kà, iṣẹ́ gidi ni tiwọn náà, kí Ọlọ́run máa fún wọn lókun, ṣùgbọ́n físà ẹ̀ yàtọ̀: láti March 2024 wọn ò jẹ́ kí wọ́n mú ìyàwó àti ọmọ wá mọ́, láti July 2025 wọn ò sì gba tuntun láti òkè òkun rárá. Tìrẹ, parí ìwé ẹ ná, kó o sì máa kọ ibi tó o ti ṣe ìdánrawò sílẹ̀, wákàtí ẹ̀ àti ẹni tó bójú tó ẹ, gba ìwé ẹ̀ kó o tó jáde.

Bàbá_Táyé:
Ẹ̀gbọ́n, mo ka ti ọmọ Climbié yẹn. Ó burú. Inú ṣì ń bí mi sí tíṣà yẹn ṣá.

Abíkẹ́_Leeds:
Mo ti kó gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sí alága. Ta ló mọ ẹni tó ń kọ́ èèyàn wakọ̀ ní Bradford tàbí Leeds, tó lè dín owó fún mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan náà? Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá ní èèyàn ní UNILAG, ẹ wá mi wá ní ínbọ́ọ̀sì, ìwé ẹnì kan ti há síbẹ̀.