Èló àbí mélòó? Èsì mi lórí "ìtàn iye ìpín"

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń kọ̀wé yìí, iná ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni mo fi ráyè jókòó ti ọ̀rọ̀ tó ti wà lọ́kàn mi láti ọjọ́ Ẹtì. Bàbá wa tó wà l'Ágbádárìgì ló dá a lábàá, bá a ṣe ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá fún ọjà ìpín, pé ká máa pe àkójọ owó tí wọ́n ti ń ta ṣíà (ìpín) ilé-iṣẹ́ kan látẹ̀yìnwá ní "ìtàn iye ìpín", wọ́n ní ká pe bónọ́sì, ìyẹn àfikún ṣíà tí ilé-iṣẹ́ ń fún àwọn tó ti ní ṣíà tẹ́lẹ̀, ní "èènì", ká sì pe owó tí wọ́n bá tún ṣírò ní "iye tí a túnṣe". Mo kí wọn, iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, àmọ́ nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta mi ò lè gba ọ̀kankan wọlé bó ṣe wà, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí ẹ̀.

Orí "iye" ni màá ti bẹ̀rẹ̀. "Iye" lédè wa, owó ni, òǹkà náà ni. Iye tí wọ́n tà á, iye èèyàn tó wá. Tẹ́ ẹ bá wá ṣí ibi tí wọ́n ń kọ owó ṣíà sí, ohun tẹ́ ẹ máa bá níbẹ̀ ni déètì, owó tí wọ́n fi ṣíjà, owó tó ga jù lọ́jọ́ yẹn, èyí tó wálẹ̀ jù, owó tí ọjà fi tú, lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá kọ ṣíà mélòó ni wọ́n tà lọ́jọ́ náà. Tẹ́ ẹ bá kọ "iye ìpín" sórí ilà kan níbẹ̀, èwo lẹ fẹ́ ká mú nínú ẹ̀?

Ìyá tó ń ta ẹja lọ́jà Olúwo níbí ò lè ṣe irú àṣìṣe yẹn láé. "Èló ni?" ò jọ "mélòó ni?" létí ẹnikẹ́ni, ọmọ kékeré tí wọ́n rán níṣẹ́ mọ̀ ọ́n. Èdè wa ti ya méjèèjì sọ́tọ̀ tipẹ́, àwa la tún fẹ́ lọ fi "iye" dà wọ́n pọ̀. Torí náà tèmi ni pé ká fi "owó ìpín" dáhùn èló, ká fi "iye ìpín" dáhùn mélòó, ká má sì jẹ́ kí ọ̀kan gba iṣẹ́ èkejì.

"Ìtàn" ńkọ́? Ìtàn a máa sọ ìdí tí nǹkan fi ṣẹlẹ̀. Bí Ọba Kòsọ́kọ́ ṣe kúrò l'Ékòó wá tẹ̀dó s'Ẹ́pẹ̀ẹ́ níbí lẹ́yìn ogun 1851, ìtàn nìyẹn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ ẹ ó gbọ́ tiwọn, ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ ẹ ó gbọ́ tiwọn. Nọ́ńbà ò sọ ìdí kankan fún èèyàn. Ẹ wo atọ́ka gbogbo ọjà ìpín wa, ìyẹn nọ́ńbà kan tó ń fi hàn bí owó gbogbo ṣíà ṣe ń lọ sókè tàbí sísàlẹ̀, 100 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní January 1984, ó lé ní 66,000 ní March 2008, nígbà tí 2009 fi máa parí ó ti já wá sí 20,000 lé díẹ̀. Kò síbi tí wọ́n kọ ọ́ sí nínú àwọn nọ́ńbà yẹn pé àwọn èèyàn ti lọ yá owó báńkì ra ṣíà, pé nígbà tí wàhálà bẹ́ lókè òkun àwọn òyìnbó kó owó wọn jáde. Ẹni tó fẹ́ mọ ìyẹn á lọ wá ẹni tó máa sọ ìtàn fún un. Èyí tó wà lórí fóònù yẹn, àkọsílẹ̀ ni. "Àkọsílẹ̀ owó ìpín", kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

(Àǹtí wa tó wà ní Ìkòròdú dá "owó àtijọ́" lábàá. Tẹ́ ẹ bá sọ ìyẹn fún màmá mi, ṣílè àti pọ́n-ùn tí wọ́n ń ná kí náírà tó dé ní 1973 ló máa wá sí wọn lọ́kàn.)

Ó wá ku èyí tó dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí, "iye tí a túnṣe". Ẹ̀gbọ́n màmá mi, Ìyá Àgbà la máa ń pè wọ́n, ra ṣíà 5,000 ní 2007, ₦18 lọ́kọ̀ọ̀kan, ₦90,000 lápapọ̀ yàtọ̀ sí owó búrókà, ẹni tó ń bá èèyàn ra ṣíà. Wọ́n ká ìwé náà sáàárín aṣọ òkè nísàlẹ̀ àpótí. Lọ́dún tó kọjá ọmọ-ọmọ wọn bá wọn wo ọjọ́ yẹn gan-an lórí fóònù, ohun tó wà níbẹ̀ ni ₦12. Ó di pé ẹni tó bá wọn ra ṣíà ọ̀hún jí náírà mẹ́fà mẹ́fà lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọgbọ̀n ẹgbẹ̀rún náírà. Ọkùnrin yẹn ti kú, ìyẹn ló jẹ́ kó burú, torí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ láàárín ẹbí bí ẹni ń sọ̀rọ̀ olè. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni wọ́n ti na ìwé náà sí mi, ibi tí wọ́n ká a ti ń ya, àmọ́ ẹ rí ₦18 yẹn kedere, wọ́n fi táípù tẹ̀ ẹ́.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le. Lẹ́yìn tí wọ́n rà á, ilé-iṣẹ́ náà fún àwọn èèyàn ní bónọ́sì ọ̀kan fún méjì, ìyẹn ni pé ẹni tó ní méjì gba ọ̀kan sí i, 5,000 ti Ìyá Àgbà di 7,500. Àwọn tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ wá padà sẹ́yìn, wọ́n pín gbogbo owó tó ti wà ṣáájú bónọ́sì sí mẹ́ta, wọ́n mú ìdá méjì nínú ẹ̀, kó lè ṣeé fi wé ti òní, ₦18 di ₦12. Ẹ ṣírò 7,500 lọ́nà 12 kẹ́ ẹ wò ó, ₦90,000 náà ni. Kò sẹ́ni tó jí nǹkan kan. Ìyá Àgbà dákẹ́ fúngbà díẹ̀, wọ́n wá ní, "Kí ló dé tí wọn ò wá kọ ọ́ síbẹ̀ pé kì í ṣe èló tí mo san nìyẹn?"

Ẹ ò rí i pé ọ̀rọ̀ tiwa ni wọ́n sọ yẹn? Tá a bá wá kọ "iye tí a túnṣe" síbẹ̀, a tún ti dá kún un ni, torí nǹkan tó bà jẹ́ tàbí tó ṣì ni wọ́n ń tún ṣe. ₦18 ò ṣì. Wọ́n san án. Ìṣirò la tún ṣe, owó yẹn ò yí padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi sọ pé "owó àtúnṣírò", kí èyí tó wà lórí rìsíìtì máa jẹ́ "owó ọjọ́ náà".

Iṣẹ́ wọn ò sì papọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá rìsíìtì yín bá ọjà mu, owó ọjọ́ náà lẹ máa wò. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá ẹ jèrè, àtúnṣírò ni. Lọ́jọ́ tá a jókòó yẹn ₦15 ni ṣíà ọ̀hún, ẹni tó bá fi 15 wé 18 á ní Ìyá Àgbà pàdánù, bẹ́ẹ̀ 7,500 lọ́nà 15 jẹ́ ₦112,500. (Pé náírà 2007 kọ́ ni náírà òní, ìyẹn tún lẹ́jọ́ tiẹ̀.)

Èènì wá ńkọ́? Mo nífẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn gan-an, mo sì mọ̀ pé ọ̀pọ̀ yín ti tẹ́wọ́ gbà á. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ra gààrí tí ìyá oníṣòwò bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé e, gààrí tiyín ti pọ̀ sí i, tiwọn ti dín kù, ẹ jẹ èrè ẹ̀kúnwọ́ kan. Ti bónọ́sì ò rí bẹ́ẹ̀. Ilé-iṣẹ́ ò mú nǹkan kan kúrò lápò, ìpín ni wọ́n tún gé sí wẹ́wẹ́, ọjà á sì já owó ọ̀kọ̀ọ̀kan wálẹ̀ kó lè bá a mu. Ẹ ronú àrọ̀ ńlá kan l'Ólúwo, ká ní ₦20,000 ni wọ́n pè é láàárọ̀. Tí wọ́n bá gé e sí mẹ́rin, tí wọ́n pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦5,000, ṣé owó ẹja ti wálẹ̀ nìyẹn? Ẹni tó gbọ́ 20,000 láàárọ̀ tó gbọ́ 5,000 nírọ̀lẹ́ tí ò rí ọ̀bẹ ló máa rò bẹ́ẹ̀. Ohun tó ṣe Ìyá Àgbà gan-an nìyẹn, wọn ò rí ọ̀bẹ. Tá a bá pè é ní èènì àwọn èèyàn á máa sáré ra ṣíà nítorí bónọ́sì, bí ọ̀pọ̀ ṣe ṣe ní 2007 sí 2008. Bónọ́sì ti wà lẹ́nu gbogbo wa, ẹ jẹ́ ó wà bẹ́ẹ̀. Tàwọn òyìnbó tí wọ́n ń la ṣíà kan sí méjì tàbí mẹ́rin, "lílà ìpín" tó o.

Ẹ wo ṣíà Apple, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó ń ṣe fóònù. Dọ́là 22 ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fáráàlú ní December 1980. Wọ́n là á sí méjì ní 1987, ní 2000, ní 2005, wọ́n là á sí méje ní 2014, sí mẹ́rin ní 2020, ẹyọ kan ìgbà yẹn ti di 224 lónìí. Dọ́là 22 náà, lówó àtúnṣírò, kò pé sẹ́ǹtì mẹ́wàá.

Ó tún ku dífídẹ́ǹdì, ìyẹn èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún àwọn tó ní ṣíà, tó ń dá kún ìdàrúdàpọ̀. Tí ṣíà kan bá tú ní ₦50, tí wọ́n wá yọ dífídẹ́ǹdì ₦2, ẹni tó bá rà á lẹ́yìn ìgbà náà ò nípìn-ín nínú ₦2 yẹn, owó ẹ̀ sì máa ń wálẹ̀ sí bíi ₦48. Lórí Yahoo Finance, ìkànnì kan tí wọ́n ń kọ owó ṣíà sí, owó ìtúká (owó tí ọjà fi tú) tí wọ́n kọ ti gba ìṣirò lílà wọlé àmọ́ kò ka dífídẹ́ǹdì, ilà tó tẹ̀ lé e ka méjèèjì. Torí náà mẹ́ta ni wọ́n, kì í ṣe méjì: owó ọjọ́ náà, àtúnṣírò lílà, àtúnṣírò lílà àti èrè. Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè wọ́n, mo bẹ̀ yín.

Fún owó ìṣíjà àti owó ìparí, mo fara mọ́ "àkọ́tà" àti "ìtúká", torí ojoojúmọ́ là ń gbọ́ wọn lọ́jà, kò sẹ́ni tó máa béèrè ìtumọ̀ ẹ̀.

Èyí tí mi ò tíì rí ọ̀rọ̀ fún ni ọjọ́ tí ọjà máa ń já owó ṣíà wálẹ̀ nítorí bónọ́sì tàbí dífídẹ́ǹdì. "Ọjọ́ ọ̀bẹ" wá sí mi lọ́kàn àmọ́ ó le létí. Ẹ bá mi wò ó. Ìyá Àgbà ti fi rúlà fa ilà mẹ́ta sínú ìwé wọn, wọ́n kọ "èló tí mo san" sókè àkọ́kọ́, "èló àtúnṣírò" sí èkejì, "mélòó" sí ẹ̀kẹta, wọ́n sì ti ní kí n sin àwọn lọ sílé ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ Àìkú, kí wọ́n lè bá ìyàwó ẹ̀ sọ̀rọ̀.