Mo gbé 454 sínú Chevelle 1970: ẹ wá gbọ́ ohun tójú mi rí

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Àbúrò tó béèrè pé ṣé òun lè yọ ẹ́ńjìnnì 350 kúrò nínú Chevelle, mọ́tò Chevrolet ayé àtijọ́, kóun gbé 454 sí i (nọ́ńbà yẹn ni bí inú ẹ́ńjìnnì ṣe tóbi tó, ní cubic inch), ó ṣeé ṣe dáadáa, mo ti ṣe é níbí ní Houston, àmọ́ àwọn tó ń sọ pé ká kàn tú bọ́ọ̀tù ká de bọ́ọ̀tù ni, wọn ò tíì náwó sí i rí.

Ohun tó jẹ́ kó rọrùn ni pé General Motors, àwọn tó ni Chevrolet, fúnra wọn ti gbé e síbẹ̀ láti ilé iṣẹ́. Kó tó di ti 1970, wọn ò gbà kí ẹ́ńjìnnì tó ju 400 cubic inch lọ wọ irú mọ́tò yẹn, ìgbà tí wọ́n wọ́gi lé òfin yẹn ni 454 tí wọ́n ń pè ní LS6 jáde, 450 họ́ọ̀sìpáwà! Torí náà ààyè wà lábẹ́ bónẹ́ẹ̀tì, ihò bọ́ọ̀tù tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá náà bára mu, gíá tó wà lẹ́yìn 350 mi gbà á wọlé bẹ́ẹ̀ (mo ṣì padà wá gíá Turbo 400 tó lágbára sí i ṣá, ìyẹn ló lè gbé e).

Wàhálà wá dé. Mẹkáníìkì tí mo gbé e fún lọ de flexplate (irin róbótó bí àwo tó so ẹ́ńjìnnì mọ́ gíá) ti ẹ́ńjìnnì 427 mọ́ ọn lẹ́yìn, ó ní ọ̀kan náà ni wọ́n. A sítáàtì, mọ́tò ń gbọ̀n, bí mo bá ṣe ń tẹná sí i tó ló ń gbọ̀n tó, dígí téèyàn fi ń wo ẹ̀yìn ò ṣeé wò mọ́. Ó ní ẹ́ńjìn síìtì ni, ó pààrọ̀ ẹ̀, pàbó! Ìgbà tí mo wádìí ẹ̀ dáadáa ni mo rí i pé 396 àti 427, inú ẹ́ńjìnnì níbẹ̀ ni wọ́n ti bálánsì wọn, àmọ́ 454 ayé ìgbà yẹn, balancer (irin róbótó tó wà níwájú ẹ́ńjìnnì) àti flexplate ẹ̀yìn ló ń bá a gbé ìyókù ìwúwo tó ń bálánsì ẹ̀. Ẹ yí flexplate 454 wò, ẹ máa rí irin pẹlẹbẹ kan tí wọ́n jó mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Kò sí lára èyí tó dè fún mi rárá. A fi èyí tó yẹ sí i, gbogbo ẹ̀ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.

454 tún fi bíi 50 kílò wúwo ju 350 lọ, imú mọ́tò tẹrí ba bí ẹni tó fẹ́ dọ̀bálẹ̀ kí àna, àfi kẹ́ ẹ ra sípírìngì iwájú ti big block (ẹ́ńjìnnì Chevrolet ńlá bíi 454). Rédíétọ̀ ńlá náà ńkọ́, pẹ̀lú oòrùn Texas yìí? Ẹ má dán an wò láìsí i.

—

Ẹ̀gbọ́n, tiyín ṣì dáa, ilé iṣẹ́ ti lànà fún yín. Mustang 1966 ti Ford ni tèmi, ẹ́ńjìnnì 289 ló wà níbẹ̀, mo wá ki 351 Windsor, ti Ford náà, bọ̀ ọ́. Mọ̀lẹ́bí kan náà ni wọ́n o, àmọ́ block (irin ńlá tó jẹ́ ara ẹ́ńjìnnì gangan) ti 351 fi inch kan ó lé ga ju ti 289 lọ, ó sì wá fẹ̀ lókè, ibi tí sọ́ọ̀kì dúró sí lọ́tùn-ún lósì há a mọ́ra, páìpù èéfín fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ha á lára. Plug míì wà tó jẹ́ abẹ́ mọ́tò ni mo ti ń tú u. Ìdí nìyẹn tí Ford fi fẹ ibẹ̀ lójú fún ti 1967 kí ẹ́ńjìnnì ńlá 390 tó lè wọlé.

—

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì sọ ti búréèkì. Chevelle tó bá ṣì ń lo búréèkì drum lẹ́sẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ẹ wá fi 454 lé e sáré, ta ló fẹ́ bá yín dá a dúró? Epo ẹ̀ ńkọ́, gálọ́ọ̀nù kan ń gbé e dé ibo?

—

Àbúrò, búréèkì disc, tó lágbára ju drum lọ, ti wà níwájú tèmi. Ọ̀rọ̀ epo yẹn, ìyàwó mi ń ka ibí yìí o, jọ̀ọ́.