Ìwé wo ló ti ṣiṣẹ́ fún yín lọ́jà àti nílé? Ẹ sọ ìrírí yín

Aláṣọ Gbági

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lórí ìwé, àmọ́ kì í ṣe ìwé ìtàn tí à ń kà fún ìgbádùn. Àwọn ìwé tó wà lọ́wọ́ tolórí tẹlẹ́mù ni mò ń sọ, irú bí ìwé atọ́nà ọjà, ìwé oúnjẹ sísè, ìwé ìtọ́jú ara, àti èyí tó ń kọ́ni lédè àjèjì. Èwo nínú wọn ni ẹ fi ọwọ́ ara yín lò tó sì ṣiṣẹ́? Ẹ sọ ohun tó ṣe fún yín gan-an, kí ẹni tó fẹ́ náwó lé ìwé lè mọ èyí tí yóò rà.

Èmi ni n ó bẹ̀rẹ̀. Aṣọ ni mò ń tà ní Gbági tuntun, lójú ọ̀nà Ifẹ̀, n'Ìbàdàn. Ìwé tó ràn mí lọ́wọ́ jù lẹ́nu iṣẹ́ yìí ni ìwé Home Economics tí a lò nílé ẹ̀kọ́ girama. Orí kan wà nínú rẹ̀ lórí bí a ṣe ń fi iná yẹ aṣọ wò. Ẹ tu fọ́nrán díẹ̀ létí aṣọ, ẹ fi nǹkan irin mú un, ẹ sún un mọ́ iná àbẹ́là. Aṣọ òwú á gbiná kíá, òórùn rẹ̀ á dà bíi ti bébà tó ń jó, eérú rẹ̀ á sì rọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí èémí lásán á gbé e lọ. Pọlisítà kò rí bẹ́ẹ̀. Ṣe ni yóò kọ́kọ́ súnkì, yóò yọ́, bó bá sì tutù, yóò di kókó dúdú líle tí èékánná kò ràn. Ṣẹ́dà gidi àti aṣọ irun àgùntàn a máa rùn bí irun orí tó jó.

Àǹfààní èyí fún mi kò kéré. Léèsì tí à ń tà lónìí, ibi púpọ̀ ló ti ń wá. Láti àwọn ọdún 1960 ni àwọn ará Lustenau ní Austria ti ń ṣe léèsì fún àwa ará Nàìjíríà, ti Switzerland wà, ti Kòríà wà, ti Ṣáínà sì ti gbòde báyìí. Oníbàárà á dúró síwájú mi, á ní, "Ìyá, ṣé òwú ni àbí rọ́bà?" Iná kì í sọ ìlú tí wọ́n ti ṣe aṣọ, àmọ́ ó ń sọ ohun tí wọ́n fi ṣe é, ojú wọn sì ni mo ti máa ń ṣe é. Àdàlù náà kì í fara pamọ́: á jó bí òwú, á tún ku kókó díẹ̀ sílẹ̀.

Ìsọ̀ tó tẹ̀ lé tèmi ra ìwé kan tó kó iye owó ọjà Balógun àti ti Gbági jọ. Kí ọdún tó yí po, kò sí iye kan níbẹ̀ tó ṣì bá ọjà mu. Lójú tèmi, ìwé tó bá kọ́ni bí a ṣe ń dá ọjà mọ̀ ló yẹ ká rà. Ìwé tó ń pe iye owó, ẹ fi sílẹ̀. Kí lẹ rí sí i?

Ìyá Peckham

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá aláṣọ. Lọ́ńdọ̀nù ni tèmi ti ṣẹlẹ̀. Nígbà tí mo dé síbí ní 1988, ìwé méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi lé mi lọ́wọ́. Ọ̀kan ni ìwé máàpù tí wọ́n ń pè ní A-Z, èyí tí Phyllis Pearsall bẹ̀rẹ̀ ní 1936. Ìkejì ni ìwé atọ́nà fún àlejò tó fẹ́ rajà nílùú yìí.

Ẹni tó ti gbé Lọ́ńdọ̀nù kí fóònù tó dé mọ ohun tí A-Z jẹ́. Orúkọ òpópónà gbogbo wà lẹ́yìn rẹ̀ ní títò. Ẹ ó wá orúkọ, ẹ ó rí ojú ìwé àti àpótí tí òpópónà náà wà, ẹ ó sì wo rélùwéè tó sún mọ́ ọn jù. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí ẹ pàdé àwọn ní Petticoat Lane, ẹ lè rìn títí kí ẹ má rí àkọlé kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Middlesex Street ni orúkọ tí wọ́n kọ sára ògiri ibẹ̀ láti bí igba ọdún sẹ́yìn, ẹnu àwọn èèyàn nìkan ni orúkọ àtijọ́ kù sí. Ìwé atọ́nà ló sọ èyí fún mi. Òun náà ló sọ pé ọjọ́ Àìkú ni ọjà ibẹ̀ kún jù, àti pé wọn kì í ná an ní Sátidé, torí pé Júù tó ń pa ọjọ́ Sábáàtì mọ́ ni ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tajà níbẹ̀ láyé àtijọ́. Ọ̀pọ̀ àlejò láti Èkó ni mo ti fi ọ̀rọ̀ yìí gbà lọ́wọ́ ìrìn òfo ní Sátidé.

Ibi tí ìwé náà kù sí rèé. Àwọn ilé ìtajà ńlá bíi Harrods àti Selfridges wà nínú rẹ̀. Wentworth Street, tó so mọ́ Petticoat Lane gan-an, wọn kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé àwọn ìsọ̀ tó ń ta léèsì àti Hòláńdì fún wa ló tò síbẹ̀, pé obìnrin á ti Èkó gbé àpótí òfìfo wá kó aṣọ ẹbí níbẹ̀. Wọn kò dárúkọ Ridley Road ní Dalston tàbí Rye Lane níbí, níbi tí a ti ń ra èlùbọ́, ata rodo àti pọ̀nmọ́. Gbogbo ìyẹn, ẹnu àwọn ìyá ní ṣọ́ọ̀ṣì ni mo ti gbọ́ ọ. Ó dùn mí, torí pé owó wa wà nínú ọjà yẹn bíi ti ẹnikẹ́ni.

Apá kan tún wà lẹ́yìn ìwé náà tí mo lò ju gbogbo rẹ̀ lọ, ìyẹn àtẹ ìwọ̀n aṣọ àti bàtà. Àwọn ẹbí á kọ̀wé láti ilé pé bàtà 39 ni ká rà. Nọ́ńbà 6 nìyẹn lọ́dọ̀ àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Aṣọ obìnrin tó jẹ́ 12 níbí, 38 ni ní Jámánì, 8 ni ní Amẹ́ríkà.

Bàbá Dùgbẹ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo ti ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ má tíì dá ìwé iye owó lẹ́bi.

Ìyá mi ń ta aṣọ ọlọ́yáàdì ní Dùgbẹ̀ nígbà tí a ṣì ń ná pọ́n-ùn. Kọ́bọ̀ méjìlá ni ṣílè kan, ogún ṣílè ni pọ́n-ùn kan. Bí yáàdì kan bá jẹ́ ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án, tí oníbàárà ní ká gé yáàdì méje, èló ni kó san? Ẹ gbìyànjú rẹ̀ lórí báyìí kí ẹ wò ó, pẹ̀lú èèyàn mẹ́ta mìíràn tó ń pariwo pé ẹ dá àwọn lóhùn. Ìwé kan wà nígbà náà tí àwọn oníṣòwò ń pè ní ready reckoner. Kò sí ìtàn kankan nínú rẹ̀, àtẹ ìṣirò ni láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ó ṣí ojú ìwé ṣílè mẹ́ta àti kọ́bọ̀ mẹ́sàn-án, ẹ ó fi ìka tọ ìlà dé ibi tí méje wà, ẹ ó sì bá pọ́n-ùn kan, ṣílè mẹ́fà àti kọ́bọ̀ mẹ́ta níbẹ̀. Èmi tí mo ń lọ sílé ìwé ni mo sábà máa ń kà á. Ìyá mi kò mọ̀wé, àmọ́ ó dá nọ́ńbà mọ̀, bí n kò bá sì sí nítòsí, ìka tirẹ̀ ló fi ń tọ ìlà náà. Kò sẹ́ni tó lè fi ìṣirò rẹ́ ẹ jẹ.

Ó di ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 1973, náírà dé. Náírà kan rọ́pò ṣílè mẹ́wàá, náírà méjì rọ́pò pọ́n-ùn kan. Kọ́bọ̀ ló dá wàhálà sílẹ̀. Kọ́bọ̀ àtijọ́ méjìlá ló pé ṣílè, kọ́bọ̀ tuntun mẹ́wàá ló pé e, orúkọ kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Sísì di kọ́bọ̀ márùn-ún, ìyẹn yéni. Tọ́rọ́ di kọ́bọ̀ méjì àbọ̀, ẹyọ owó àbọ̀ kọ́bọ̀ sì wà nínú owó tuntun náà tí a lè fi san án. Àárín ìyá mi àti àwọn oníbàárà rẹ̀ ì bá dàrú bí kì í bá ṣe ìwé pélébé kan tó to owó àtijọ́ síwájú owó tuntun. A so ó mọ́ òpó ìsọ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ń jiyàn, a ó ní kó wá wò ó.

Láàárín oṣù díẹ̀, kò sẹ́ni tó tún nílò rẹ̀. Gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ọ́n lórí. Ìyẹn kò sọ pé kò wúlò. Ìwé mìíràn wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju oṣù díẹ̀ lọ, iṣẹ́ ńlá sì ni.

Aláṣọ Gbági

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ẹ̀yin á pẹ́ fún wa. Mo ti ka ọ̀rọ̀ ìyá yín sétígbọ̀ọ́ àwọn ọmọṣẹ́ mi.

Àlhájà Onígóòlù

Mo fara mọ́ Bàbá, àmọ́ mo fẹ́ fi ti góòlù kún un. Deira ní Dubai ni mo ti ń rà á. Ìwé atọ́nà tí mo kà kí n tó lọ sọ ohun méjì tí mo ṣì ń lò dòní. Èkíní ni òǹtẹ̀ tó wà lára góòlù: 916 ni káràtì 22, 750 ni káràtì 18. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fún yín ní awò tí wọ́n fi ń wò ó, ẹ wò ó fúnra yín. Èkejì, iye tí wọ́n ń ta gíráàmù góòlù lóòjọ́ ni wọ́n ń kọ síta, ẹ má fàkókò ṣòfò lórí ìyẹn. Owó iṣẹ́ ọwọ́ tí wọ́n ń lé sórí rẹ̀ ni ẹ máa ná. Ibẹ̀ ni ìdúnàádúrà wà. Ìwé náà kò sọ iye góòlù rárá, mo sì gbà pé ẹni tó kọ ọ́ mọ iṣẹ́ rẹ̀.

Ọmọ Ìkẹjà

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àgbà, mo gbádùn gbogbo ìtàn yìí, àmọ́ ṣé fóònù kò ti gba gbogbo iṣẹ́ yìí ṣe? Máàpù wà nínú rẹ̀, ẹ̀rọ ìṣirò wà nínú rẹ̀, yóò tún túmọ̀ èdè fún yín.

Bọ̀dá Guangzhou

Àbúrò, ó dọwọ́ ibi tí o bá wà. Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì àwọn ará Ṣáínà, Google àti WhatsApp kì í ṣí láìsí VPN, ìyẹn ètò tó ń gba ọ̀nà mìíràn kọjá ìdènà. Nígbà àkọ́kọ́ tí mo lọ síbi ìpàtẹ ọjà Canton ní Guangzhou, èyí tí wọ́n ń ṣe lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún láti 1957, ìwé kékeré tó ń kọ́ èdè wọn ló gbé mi débi tí mo ń lọ.

Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù nínú rẹ̀ ni fífi ọwọ́ ka nọ́ńbà. Bí ọlọ́jà bá na àtàńpàkò àti ọmọńdinrín, tó ká ìyókù, ẹẹ́fà ló ń sọ. Àtàńpàkò àti ìka ìlábẹ̀ jẹ́ ẹẹ́jọ. Ìka ìlábẹ̀ méjì tó gbé dábùú ara wọn jẹ́ ẹẹ́wàá. Ẹni tí kò bá mọ̀ á rò pé méjì ni ẹẹ́fà àti ẹẹ́jọ, owó ńlá sì ni ìyàtọ̀ yẹn lórí ọjà tí a ń rà ní ẹgbẹ̀rún ẹyọ.

Ohun kan tún wà tí mo fẹ́ kí ọmọ Yorùbá mọ̀. Èdè wọn ní ohùn bíi tiwa, ìwé náà sì fi àmì sórí ọ̀rọ̀. Àmì tó jọ àmì òkè tiwa, ohùn tó ń ti ìsàlẹ̀ gòkè ni lọ́dọ̀ wọn. Ohùn tó dúró sókè gbọnyin, igi gbọọrọ ni wọ́n fà lé e lórí. Gbàrà tí mo ti mú ìyẹn mọ́ra ni àwọn ọlọ́jà ti ń gbọ́ mi. Etí wa ti mọ ohùn láti kékeré, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dẹ́rù bà yín pé èdè náà le.

Nọ́ọ̀sì Òkè-Ògùn

Tèmi kì í ṣe ìwé ọjà, ṣùgbọ́n ó ti dáàbò bo owó àwọn aláìsàn. Ìwé David Werner ni, *Where There Is No Doctor*, tó kọ́kọ́ kọ lédè Spanish fún àwọn ará abúlé orí òkè ní Mexico. Lẹ́yìn ìwé náà, orúkọ oògùn gan-an ló tò, kì í ṣe orúkọ tí ilé iṣẹ́ kọ sí páálí. Ìyẹn ni mo fi ń kọ́ àwọn ìyá láti máa wo ọ̀rọ̀ kékeré tó wà lára páálí. Bí wọ́n bá rí paracetamol níbẹ̀, kí wọ́n mọ̀ pé ti olówó pọ́ọ́kú àti ti olówó gọbọi, oògùn kan náà ni, bí wọ́n bá ṣáà ti rà á níbi tó ṣe é fọkàn tán.

Omi oníyọ̀ àti ṣúgà fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru náà wà níbẹ̀. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn nìyí: lítà omi mímọ́ kan, ṣíbí tíì mẹ́fà ṣúgà tí a gé lórí, àti ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Bí iyọ̀ rẹ̀ bá ju ti omijé lọ, ẹ dà á nù, ẹ po òmíràn. Bí ọmọ kò bá lè mu, tàbí tí ojú rẹ̀ jìn wọnú, ẹ má dúró ti ìwé kankan, ẹ gbé e wá.

Alásè Houston

Ìwé oúnjẹ sísè ni tèmi, ẹjọ́ kan ni mo sì ní. Wọ́n ń kọ "ife kan", "ife méjì". Ife Amẹ́ríkà jẹ́ nǹkan bíi mìlílítà 240. Ife tí ìyá mi ń lò nílé kì í ṣe bẹ́ẹ̀, agolo déríkà ni ọjà wa sì fi ń wọn nǹkan, tàbí kóńgò, tàbí rọ́bà pẹ́ńtì. Ẹni tó wá láti Èkó ní kí n se ìrẹsì kóńgò méjì fún ìsọmọlórúkọ, kò sí ìwé kan nílé mi tó mọ ohun tó ń jẹ́ kóńgò. Mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọ ìwé oúnjẹ wa fi gíráàmù kọ ọ́, kí wọ́n sì kọ kóńgò sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ìyá Peckham

Òótọ́ lẹ sọ. Báwo lẹ wá ṣe ń ṣe é ní tiyín?

Alásè Houston

Mo ra òṣùwọ̀n kékeré, mo ní kí àbúrò mi gbé kóńgò kan wá láti ọjà Bódìjà nígbà tó ń bọ̀, mo sì wọn nǹkan kọ̀ọ̀kan sínú rẹ̀. Ìrẹsì kóńgò kan sún mọ́ kílò kan àbọ̀. Gààrì àti èlùbọ́ fúyẹ́ ju ìyẹn lọ, nítorí náà ẹ má fi ti ìrẹsì ṣe òdiwọ̀n wọn. Etí ìwé mi ni mo kọ gbogbo rẹ̀ sí. Bí ẹ bá ní òṣùwọ̀n nílé, ẹ bá mi wọn ẹ̀gúsí tí wọ́n ti bó, torí n kò tíì rí i rà níbí ní kóńgò.