Tí a kò bá ní sun ìdọ̀tí àdúgbò mọ́, kí ni kí a fi rọ́pò iná?

Onílé Tanke:
Ẹ̀yin ará, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Nínú ẹgbẹ́ onílé àdúgbò wa ní Ìlọrin, àríyànjiyàn ti bẹ́ sílẹ̀ lórí ìdọ̀tí. Àwọn kan ní kí a máa sun ún lọ gẹ́gẹ́ bí ìṣe wa. Àwa yòókù ní èéfín rẹ̀ ń pa wá lára, ó sì tún ń dá kún ìyípadà ojú-ọjọ́. Alága ní òun ti gbọ́, ṣùgbọ́n kí a sọ ohun tí a óò fi rọ́pò iná. Owó ẹgbẹ́ kò tó ra ọkọ̀ akólẹ̀. Níbo ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀?

Àgbẹ̀ Ọ̀fà:
Ẹ kú ìbéèrè, sà. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ láti orí ọ̀rá tí ojú gbogbo ènìyàn máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Ilé ìdáná ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Èèpo iṣu, èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ àti àjẹkù ni ó ń mú kí ìyókù rùn débi pé ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fọwọ́ kàn án. Bí wọ́n bá jẹrà nínú òkìtì ààtàn níbi tí afẹ́fẹ́ kò ráyè wọ̀, gáàsì methane ni wọ́n ń tú jáde, èyí tí ìwọ̀n kan rẹ̀ ń mú ayé gbóná ju ìwọ̀n kan náà ti carbon dioxide (gáàsì inú èéfín iná) lọ ní nǹkan bí ìlọ́po 28 láàárín 100 ọdún. Bí afẹ́fẹ́ bá sì ráyè wọ̀ ọ́ dáadáa, ajílẹ̀ ni yóò dà. Ẹ da ewé gbígbẹ ìwọ̀n méjì tàbí mẹ́ta pọ̀ mọ́ èèpo tútù ìwọ̀n kan lábẹ́ ibòji, kí ó rin bíi kànìnkànìn tí a ti fún omi rẹ̀ dànù, kí ẹ sì máa fi ṣọ́bìrì yí i lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ẹ má fi ẹran tàbí eegun sí i, nítorí eku. Bí ọyẹ́ bá dé, ẹ óò máa wọ́n omi sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò gbẹ kò sì ní jẹrà.

Ọmọ Ọmù-Àrán:
Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tí ń ṣe gàárì náà. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ ni a máa ń fi sílẹ̀ kí ó jẹrà tàbí kí a sun ún, nígbà tí ó jẹ́ pé oúnjẹ ẹran ni. Èèpo tútù ní májèlé cyanide nínú, nítorí náà kì í ṣe ohun tí a kàn ń dà sílẹ̀ fún ewúrẹ́. Àwọn onímọ̀ ILRI, àjọ àgbáyé tí ń ṣe ìwádìí lórí ẹran ọ̀sìn, ní Ìbàdàn ti fi hàn pé bí a bá rin ín, tí a fún omi rẹ̀, tí a sì sá a, tọ́ọ̀nù mẹ́ta tútù lè mú nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan gbígbẹ jáde. Ẹ̀rọ tí a fi ń rin ẹ̀gẹ́ àti èyí tí a fi ń fún un wà nílẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ará Adéwọlé:
Òótọ́ ni gbogbo èyí, ṣùgbọ́n èèpo iṣu kọ́ ni ó ń dí gọ́tà. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ni, òun náà ni àgbàrá sì ń gbé lọ sínú Odò Àsà. Ìjọba àpapọ̀ ṣe òfin ìyípadà ojú-ọjọ́ ní 2021, síbẹ̀ òfin náà kò kó ọ̀rá kan kúrò lẹ́nu ọ̀nà mi. Níbi tí mo ti fara mọ́ Àgbẹ̀ Ọ̀fà ni pé àwọn tí ń ra kọndẹ́ẹ̀mù máa ń ra ọ̀rá tó mọ́ tó sì gbẹ. Èyí tí ọbẹ̀ ti dà sí, wọn kì í wò ó.

Onílé Tanke:
Ẹ ṣeun púpọ̀. Ìyẹn ni pé bí a bá yọ èèpo kúrò, ọ̀rá yóò di ohun títà. Alága yóò fẹ́ràn apá yẹn ju ti ojú-ọjọ́ lọ. Àpò ìrẹsì méjì fún ilé kọ̀ọ̀kan ni n óò dábàá ní ìpàdé, ọ̀kan fún tútù, ọ̀kan fún gbígbẹ. Páḿpásì ọmọdé kò bá èyíkéyìí mu nínú méjèèjì, nítorí náà òun nìkan ni a óò máa dá owó kó lọ.