Ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ mi ń rọ̀ bí òróró, kí ni kí n ṣe?

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, Ìkòròdú
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀ ẹgbẹ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Ọkùnrin kan tó ń ṣe sọ́séèjì ni mò ń pa ẹlẹ́dẹ̀ fún láti èṣí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó dá mẹ́ta padà. Ó ní ọ̀rá wọn kò dì nínú fìríìjì, bí òun bá ń gé e, ńṣe ló ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ. Àwọn ẹran yìí ò ṣàìsàn o, wọ́n sanra, ara wọn ń dán. Àgbàdo díẹ̀ ni mò ń fún wọn, odidi sóyà tí mo yan, kúlíkúlí fífọ́, àti òróró tí àwọn alákàrà àdúgbò bá dín nǹkan kù. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń fún mi ní òróró yẹn. Ó ku 14 tí mo fẹ́ tà ní oṣù Kejìlá. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bàbá Alápatà
Ẹ pẹ̀lẹ́, Ìyá. Ó ti tó ọdún 22 tí mo ti ń kun ẹlẹ́dẹ̀. Bí mo bá ti fi ìka tẹ ọ̀rá ẹ̀yìn rẹ̀, mo ti mọ ohun tó jẹ. Èyí tó jẹ èèpo pákí, ọ̀rá rẹ̀ á funfun, á sì le. Èyí tó jẹ ẹ̀pà, ìka á wọlé bí ìgbà tí èèyàn tẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù. Ẹ̀pà àti òróró yẹn ni mo fura sí.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ìbàdàn
Bàbá ti sọ ojú ọ̀rọ̀. Mo ti ṣiṣẹ́ rí níbi tí wọ́n ti ń po oúnjẹ ẹran, ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un. Ìyá, ẹ gbé ìgò àdín àti ìgò òróró ẹ̀pà síta lálẹ́ ìgbà ọyẹ́, kí ẹ wò wọ́n láàárọ̀. Àdín á ti dì, òróró ẹ̀pà á ṣì máa ṣàn. Èyí tó ń ṣàn yìí, bí ẹlẹ́dẹ̀ bá ṣe jẹ ẹ́ náà ló ń kó o pamọ́ sábẹ́ awọ. Ti màlúù yàtọ̀. Màlúù ní ṣàkì, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ á ti yí òróró padà sí èyí tó ń dì kó tó wọnú ẹ̀jẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rá màlúù fi sábà máa ń le. Ikùn kan ṣoṣo bíi tiwa ni ẹlẹ́dẹ̀ ní.

Ẹ má di gbogbo ẹ̀bi ru ẹ̀pà o. Òróró inú sóyà, ó lé ní ìdajì rẹ̀ tó jẹ́ linoleic (irú ọ̀rá kan tó máa ń ṣàn), ara ẹlẹ́dẹ̀ kò sì lè fúnra rẹ̀ ṣe irú ọ̀rá yẹn. Gbogbo èyí tí ẹ bá bá lára rẹ̀, ẹnu ló gbà wọlé. Pákí kò ní òróró kan dà bí alárà, sítáàṣì ló kún inú rẹ̀. Ara ẹlẹ́dẹ̀ ló ń sọ sítáàṣì yẹn di ọ̀rá, èyí tó bá sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe máa ń le.

Arábìnrin Sípéènì
Ẹ má bínú o, ṣé ọ̀rá tó rọ̀ burú ni? Níbi tí mò ń gbé níbí, ẹlẹ́dẹ̀ Ibérico tó ń jẹ èso igi oak nínú igbó ni ẹran rẹ̀ wọ́n jù. Tí ẹ bá mú ẹ̀là kan dání, ọ̀rá rẹ̀ á máa yọ́ lọ́wọ́ yín.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ìbàdàn
Kò burú fún ẹni tó ń jẹ ẹ́, ẹ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n oleic (irú ọ̀rá mìíràn tó ń ṣàn) ló pọ̀ nínú èso yẹn, ó dà bí ti òróró olífì, kì í tètè bàjẹ́ bíi linoleic. Ẹlẹ́dẹ̀ yẹn á ti lé ní ọdún kan kí wọ́n tó pa á, wọ́n á wá fi iyọ̀ pa itan rẹ̀, wọ́n á fà á rọ̀ fún ọdún méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tó ń ṣe sọ́séèjì ń fẹ́ ọ̀rá tó ṣe é gé, tí kò ní tètè máa rùn bí òróró àtijọ́. Ní gúúsù Amẹ́ríkà láyé ọjọ́un, wọ́n ń da ẹlẹ́dẹ̀ sínú oko ẹ̀pà, àwọn tó ń rà á sì ń dín owó rẹ̀ kù nítorí ọ̀rá tó rọ̀.

Ìyá Àjàṣẹ́
Àwa níbí, ẹja ló fìyà jẹ wá. Ìfun ẹja àti orí ẹja ni ẹ̀gbọ́n mi ń fún tirẹ̀. Ìgbà tí a sè é, òórùn ẹja gba gbogbo ilé. Ẹ má fi ẹja rọ́pò o!

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, Ìkòròdú
Ẹ ṣeun gan-an. Kí ni kí n wá fún wọn báyìí? Oṣù méjì péré ló kù.

Ọmọ Àgbẹ̀, Ìbàdàn
Òróró alákàrà, ẹ dá a dúró lónìí. Kúlíkúlí náà, ẹ jẹ́ kó lọ. Sóyà tí wọ́n ti fún òróró rẹ̀ ni kí ẹ máa rà, kí wọ́n má baà gbẹ. Ẹ wá fi àgbàdo, PKC (èkùrọ́ tí wọ́n ti fún àdín rẹ̀) díẹ̀ àti èèpo pákí kún un. Èèpo pákí yẹn, ẹ sá a kó gbẹ dáadáa, torí májèlé wà nínú tútù rẹ̀. Àdín tó ṣẹ́ kù nínú PKC á ràn yín lọ́wọ́. Ọ̀rá tó ti wà lára wọn kò ní kúrò tán ní oṣù méjì, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n bá ń kó lé e láti òní á le. Ìyàtọ̀ á hàn.

Ìyá Ẹlẹ́dẹ̀, Ìkòròdú
Mo ti rán ọmọ sí àwọn alákàrà pé a ò gbà á mọ́. Oníbàárà mi ní kí n mú ẹyọ kan wá ní ìparí oṣù tó ń bọ̀, òun á gé e wò kí òun tó gba ìyókù. Bàbá Alápatà, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè bá mi tẹ ẹ́ wò kí n tó gbé e lọ?

Bàbá Alápatà
Ẹ mú un wá. Ẹ ti dé kí aago méje àárọ̀ tó lù, kí oòrùn má bá wa níbẹ̀.