Jersey Mike's ṣẹ̀ṣẹ̀ dé àdúgbò wa: kí ni kí n kọ́kọ́ rà, báwo ló sì ṣe rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Subway, Jimmy John's àti Firehouse?

Ìyá Ìbejì

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, ẹ̀yin ará. Jersey Mike's, ilé ìtajà sáńwíìṣì, ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣílẹ̀kùn nítòsí wa níbí ní Katy, Texas. Subway nìkan la mọ̀ nílé wa tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n Jimmy John's àti Firehouse Subs náà wà lójú ọ̀nà kan náà. Ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ là mí lọ́yẹ̀ lé lórí. Àkọ́kọ́, kí lẹni tí kò dé ibẹ̀ rí ń sọ fún wọn? Nọ́ńbà tó wà lára pátákó wọn pọ̀ gan-an. Ìkejì, báwo ni mo ṣe máa fi wọ́n wéra tí kò ní jẹ́ pé ebi ló bá mi dájọ́? Ìkẹta, ìrìn ìṣẹ́jú 40 ló wà láàárín ibẹ̀ àti ibi iṣẹ́ bàbá àwọn ọmọ. Báwo la ṣe ń gbé e tí búrẹ́dì rẹ̀ kò fi ní di ẹ̀kọ?

Alásè Ìjẹ̀ṣà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ilé. Nọ́ńbà 13 ni kí ẹ kọ́kọ́ bèèrè, èyí tí wọ́n ń pè ní Original Italian, kí ẹ sì sọ pé "Mike's Way" lẹ fẹ́. Òun ló fi ọwọ́ wọn hàn jù. Ṣíìsì provolone ló wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú háàmù, prosciuttini, cappacuolo, salami àti pepperoni, oríṣiríṣi ẹran oníyọ̀ tí ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú wọn. Mike's Way kì í ṣe oúnjẹ mìíràn. Ohun tí wọ́n ń dà lé ẹran lórí ni: àlùbọ́sà, létúùsì, tòmátò, fínígà tí wọ́n fi wáìnì pupa ṣe, òróró tí ólífì wà nínú rẹ̀, orégánò àti iyọ̀. Wọn kì í gba owó lé e. Máyò kò sí níbẹ̀ rárá. Ọwọ́ àwọn ará etíkun New Jersey nìyẹn, torí Point Pleasant ni ilé ìtajà náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 1956.

Tí ó bá kàn yín, nọ́ńbà, ìwọ̀n àti irú búrẹ́dì ni kí ẹ jọ sọ lẹ́ẹ̀kan náà kí wọ́n tó fọwọ́ kan ọ̀bẹ. Ìwọ̀n mẹ́ta ni: mini, regular, giant. Giant tó regular méjì. Ẹni tó ń gé ẹran kì í ṣe ẹni tó ń da fínígà. Tí ẹ bá pẹ́ kí ẹ tó sọ pé ẹ kò fẹ́ cappacuolo, wọ́n á ti gé e.

Ojú yín ni wọ́n á ti gé ẹran náà. Ẹ wò ó bó ṣe ń jábọ́ láti ẹnu ẹ̀rọ. Ó yẹ kó fẹ́lẹ́, kó ká wọnú ara wọn, kí afẹ́fẹ́ wà láàárín wọn. Ẹran tó nípọn tí wọ́n tò ní pẹrẹsẹ máa ń yọ̀ jáde lódindi téèyàn bá gé e jẹ. Èyí tó fẹ́lẹ́ máa ń já, adùn rẹ̀ sì máa ń tètè kan ahọ́n.

Fínígà ló ń ṣáájú òróró. Tí òróró bá kọ́kọ́ bo létúùsì, fínígà kò ní rí ibi dì mú, yóò ṣàn lọ sísàlẹ̀, búrẹ́dì ni yóò sì fà á mu. Tí ẹ bá rí i pé ọwọ́ wọn ti ń yípo ju bó ti yẹ lọ, ẹ ní kí wọ́n rọra. Ẹ má fi máyò kún Mike's Way lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Òróró pẹ̀lú máyò, ọ̀rá lé ọ̀rá ni. Ẹran á máa yọ̀, ẹ kò sì ní gbọ́ ìkan fínígà mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ata, kó bèèrè ata cherry pepper tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Kò gbóná bí ata rodo, ṣùgbọ́n ó ní ìkan díẹ̀, ó sì bá salami mu.

Ọmọ Oníbúrẹ́dì

Ẹ̀gbọ́n Alásè, mo bọ̀wọ̀ fún yín, ṣùgbọ́n n kò ní fi nọ́ńbà 13 ṣe àkọ́kọ́. Iyọ̀ àti ata inú salami lágbára débi pé wọ́n lè bo àléébù búrẹ́dì mọ́lẹ̀. Nọ́ńbà 7 ni kí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, tọ̀lótọ̀ló àti provolone. Tọ̀lótọ̀ló kò ní ibi tó lè sá sí. Tó bá gbẹ, ẹ ó mọ̀. Tí búrẹ́dì bá ti pẹ́, ẹ ó mọ̀.

Búrẹ́dì gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ má fi búrẹ́dì Agége wọ̀n ọ́n. Ti Agége, wọ́n ń fi ẹ̀rọ yí ìyẹ̀fun rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, inú rẹ̀ á fi dì, á fà, ṣúgà rẹ̀ á sì hàn. Búrẹ́dì sáńwíìṣì onígígùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ní inú tó fúyẹ́ àti èèpo tó lè gba òróró dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ó kéré tán. Ẹ fi ìka méjì tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ẹ sì jọ̀wọ́ rẹ̀. Tó bá padà sípò, ó dára. Tó bá dúró bẹ́ẹ̀ ní ìtẹ̀, kò tíì jinná tó tàbí kí wọ́n ti bò ó nígbà tó ṣì gbóná, oru á ti rọ èèpo rẹ̀.

Jimmy John's ni èèpo rẹ̀ máa ń le jù láàárín àwọn mẹ́rin yìí, bíi búrẹ́dì Faransé. Ti Subway ló rọ̀ jù, ó sì dùn díẹ̀. Ní 2020, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní Ireland ní kò lè gba ìdẹ̀ra owó orí tí wọ́n ń fún búrẹ́dì lásán, torí pé ṣúgà inú rẹ̀ tó ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún ìwúwo ìyẹ̀fun, òfin wọn sì ní kó má ju ìdá 2 lọ. Ti Ireland ni wọ́n ń sọ o. Ẹni tó bá fẹ́ràn búrẹ́dì tó rọ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, kó kàn ní kí wọ́n yan án.

Oníṣirò

Lórí ìbéèrè kejì: orúkọ ìwọ̀n wọn kò bára mu, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà. Subway ń ta íǹṣì 6 àti íǹṣì 12. Jimmy John's ń ta íǹṣì 8 àti 16. Medium ti Firehouse jẹ́ íǹṣì 8, large rẹ̀ sì jẹ́ 12. Ẹni tó bá gbé regular ti ibí kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ medium ti ibòmíràn, tó wá ní èyí wọ́n jù, kò tíì ṣe ìṣirò kankan.

Ẹ ra irú kan náà ní ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá jẹ́ ti Italian, nọ́ńbà 13 ní Jersey Mike's, Vito ní Jimmy John's, Italian B.M.T. ní Subway, Italian ní Firehouse. Ẹ ní kí wọ́n yọ máyò àti mọ́sítáàdì kúrò níbi tó bá wà, torí òróró àti fínígà nìkan ni Vito ní. Bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn Ọmọ Oníbúrẹ́dì, ẹ rántí pé Turkey Tom ti Jimmy John's kò ní ṣíìsì nínú, ẹ gbọ́dọ̀ ní kí wọ́n fi provolone kún un, kí ẹ sì kọ owó rẹ̀ mọ́ ọn.

Ẹ gbé òṣùwọ̀n ilé ìdáná sórí tábìlì. Ẹ wọn odidi rẹ̀, ẹ yọ ẹran àti ṣíìsì, ẹ wọn ìyẹn lọ́tọ̀. Áúǹsì kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 28. Ẹ fi áúǹsì ẹran pín owó tí ẹ san. Íǹṣì nìkan kò tó. Nígbà tí àwọn kan pe Subway lẹ́jọ́ l'Amẹ́ríkà pé íǹṣì 12 wọn kò pé 12, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn ní Chicago sọ ní 2017 pé ìwúwo ìyẹ̀fun tí wọ́n ń yan dọ́gba, ààrò ló ń mú kí òmíràn gùn, kí òmíràn sì fẹ̀. Búrẹ́dì tó gùn kì í ṣe ẹ̀rí pé oúnjẹ pọ̀ nínú rẹ̀.

Ẹ gé ọ̀kọ̀ọ̀kan ní íǹṣì 2, kí ẹlòmíràn gbé e fún yín láìsí bébà tí wọ́n fi wé e. Ti Firehouse ni kí ẹ kọ́kọ́ tọ́ wò, torí ooru ni agbára rẹ̀.

Hájíà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀ ńkọ́? Ṣé tọ̀lótọ̀ló wọn ṣeé jẹ?

Ọmọ Ẹlẹ́ran

Hájíà, ẹ kú ìbéèrè. Ọ̀rọ̀ méjì ló wà níbẹ̀. Èkíní, ẹran wọn l'Amẹ́ríkà kì í sábà jẹ́ èyí tí wọ́n pa ní ìlànà ẹ̀sìn yín, tọ̀lótọ̀ló àti màlúù náà pẹ̀lú. Ní Britain, àwọn ilé Subway kan wà tí wọ́n ń ta halal, tí wọ́n fi tọ̀lótọ̀ló rọ́pò háàmù. Ẹ má rò pé bẹ́ẹ̀ ló rí níbí.

Èkejì ni abẹ ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ tó gé háàmù lè jẹ́ òun náà ni yóò gé tọ̀lótọ̀ló tó kàn, ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ á sì ti dì mọ́ abẹ náà. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n ní ẹ̀rọ méjì tàbí bóyá wọ́n lè fọ abẹ, pààrọ̀ ìbọ̀wọ́, kí wọ́n sì tẹ́ bébà tuntun. Ẹ lọ ní aago mẹ́wàá àárọ̀ sí mọ́kànlá, kì í ṣe aago méjìlá ọ̀sán tí èrò ti tò dé ẹnu ọ̀nà. Tuna, tó jẹ́ nọ́ńbà 10, àti nọ́ńbà 14 tí kò ní ẹran kì í kọjá lábẹ́ abẹ ẹran, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ṣíìsì inú 14 lè kọjá níbẹ̀.

Lórí gígé kan náà: Jimmy John's máa ń gé tiwọn nínú ilé ìtajà lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n ṣáájú kí oníbàárà tó dé ni, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń yára. Subway kó ẹ̀rọ wọ àwọn ilé ìtajà wọn l'Amẹ́ríkà ní 2023. Ṣáájú ìgbà yẹn, gígé ni ẹran ń dé bá wọn. Etí ẹran tí wọ́n gé sílẹ̀ máa ń gbẹ, ó sì máa ń dúdú díẹ̀. Ẹ wo etí rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì Àgbà

Ẹ jẹ́ kí n fi tèmi kún un. Iyọ̀ ni kí ẹ ṣọ́ra fún. Ìwọ̀n sodium (èròjà inú iyọ̀) tí àgbàlagbà kò gbọdọ̀ kọjá lóòjọ́ l'Amẹ́ríkà jẹ́ mílígíráàmù 2,300, sáńwíìṣì Italian kan ní ìwọ̀n regular sì lè gba ju ìdajì rẹ̀ lọ. Ilé oúnjẹ tó bá ní ẹ̀ka 20 tàbí jù bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ calorie (agbára inú oúnjẹ) sára pátákó. Iye sodium náà gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ tí ẹ bá bèèrè. Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, kó mú mini, kó ní kí wọ́n má fi iyọ̀ sí Mike's Way, kí ó sì fi pickle (kùkúmbà tí wọ́n rẹ sínú omi iyọ̀) sílẹ̀.

Aboyún kò gbọdọ̀ jẹ ẹran tútù wọ̀nyí bó ṣe wà, nítorí kòkòrò listeria. Ó ní láti gbóná dé ìwọ̀n 165 lórí Fahrenheit, tàbí títí oru fi ń jáde lára rẹ̀. Yíyan búrẹ́dì lásán kò tó.

Onímọ́tò

Ìyá Ìbejì, ọ̀rọ̀ ìṣẹ́jú 40 yẹn ló kàn mí. Tòmátò àti fínígà ló ń ba búrẹ́dì jẹ́. Iyọ̀ máa ń fa omi jáde lára tòmátò, omi yẹn á pàdé fínígà, wọ́n á jọ wọ inú búrẹ́dì. Ẹ ní kí wọ́n kó tòmátò sínú ike lọ́tọ̀, kí fínígà àti òróró náà wà lọ́tọ̀, kí ṣíìsì sì tẹ́ ìsàlẹ̀ búrẹ́dì, torí ọ̀rá ṣíìsì máa ń dí ọ̀nà omi. Ẹ jẹ́ kó wà nínú bébà, kì í ṣe nínú náílọ́ọ̀nù. Ẹ tò ó kí ojú tí wọ́n là wòkè.

Tó bá jẹ́ àwọn tí wọ́n ń dín lórí irin gbígbóná, bíi nọ́ńbà 17 tó jẹ́ Philly (ẹran màlúù àti ṣíìsì), n kò ní gbé e jìnnà bẹ́ẹ̀. Oru rẹ̀ á há sínú bébà, búrẹ́dì á rọ̀ láti òde wá. Firehouse náà rí bẹ́ẹ̀, torí wọ́n máa ń fi oru gbígbóná mú ẹran àti ṣíìsì gbóná pọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́ níbẹ̀, Firehouse dára púpọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ rìn jìnnà, Jimmy John's ló ń fara dà á jù, nítorí èèpo búrẹ́dì rẹ̀. Jersey Mike's wà láàárín, ó sì lè dé ibi iṣẹ́ wọn dáadáa tí ẹ bá ya omi rẹ̀ sọ́tọ̀.

Ẹ rántí oòrùn Texas. Oúnjẹ bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ pẹ́ ju wákàtí 2 lọ níta fíríìjì, tí ooru bá sì ju ìwọ̀n 90 lórí Fahrenheit, wákàtí 1 péré ni. Báàgì olómi dídì ni kí ẹ lò.

Ìyá Ìbejì

Ẹ ṣé gan-an ni, Olúwa á bù kún yín. Nọ́ńbà 7 àti 13 ni màá rà pọ̀ ní regular, kí n lè mọ ẹni tó jàre láàárín Alásè àti Ọmọ Oníbúrẹ́dì. Ìbéèrè kan ló kù: bí Philly bá ṣẹ́kù, ṣé máíkíróweefù ni?

Alásè Ìjẹ̀ṣà

Rárá, Ìyá Ìbejì. Máíkíróweefù á mú kí búrẹ́dì kọ́kọ́ rọ̀, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan á le bí awọ. Ẹ kó ẹran jáde, ẹ gbé e sínú páànù lórí iná díẹ̀ pẹ̀lú ṣíbí omi kan, kí ẹ bò ó. Ẹ fi búrẹ́dì sínú ófùnù ní ìwọ̀n 350 lórí Fahrenheit fún ìṣẹ́jú 4 sí 5. Tí ṣíìsì bá ti yọ́, ẹ kó ẹran padà sínú rẹ̀. Tí ewé bá wà nínú rẹ̀, ẹ yọ ọ́ kí ẹ tó gbé e kaná.